Èrèdí Ọtí Mímu àti Òṣùwọ̀n Rẹ̀: Láti Ìgbìmọ̀ Ọdún 1909 Títí Dé Ọ̀tà Òde Òní

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpinpin bí àwọn aṣèwádìí ṣe ń wọn ọtí mímu láàrin Yorùbá, láti ìgbà ìjọba amúnisìn títí di òde òní. Ó fi hàn pé iye ọtí ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà, kì í ṣe èrèdí tí ènìyàn fi ń mu ún. Nígbà tí òṣùwọ̀n tí ó ń béèrè èrèdí sì dé, àwùjọ mìíràn ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀tà àti Sàngó Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni iṣẹ́ náà fi ṣe àpẹẹrẹ. Èrò rẹ̀ ni pé títúmọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan kò tó láti sọ irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ di ti Yorùbá. Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn tí a ń bi léèrè ń pè ní ọtí, àti ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá sọ ìdí tí wọ́n fi ń mu ún.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gbé ife ọtí sẹ́nu. Ẹnìkan lè mu ún nítorí ohun tí ó ń wá, ẹlòmíràn lè mu ún nítorí ohun tí ó ń sá fún. Ẹni tí ó bá jókòó tì wọ́n yóò rí ife méjì tí ó dọ́gba, ṣùgbọ́n ìdí tí ó wà lẹ́yìn ife kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ àti ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ìmọ̀ràn tí ó yẹ ọ̀dọ́ tí ń fi ọtí pa ìrònú rẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó yẹ ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sì tún yàtọ̀ sí èyí tí ó yẹ ẹni tí ó gbà pé oògùn ni òun ń mu. Bí ohun tí a fi wá ìdí bá ṣì í, ìmọ̀ràn náà yóò ṣìnà, òfin tí ìjọba bá sì gbé kalẹ̀ lórí rẹ̀ lè má ṣe àǹfààní fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ó tọ́ kí á mọ ibi tí àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí ti wá, àti bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ Yorùbá.

Ìgbà tí ó jẹ́ pé iye ọtí ni wọ́n ń kà

Kí ọtí Òyìnbó tó dé, Yorùbá ní ọtí tirẹ̀. Ẹmu ọ̀pẹ wà, ògùrọ̀ wà, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n ń fi àgbàdo pọn wà, ọtí ọkà bàbà náà sì wà. Ẹmu ni wọ́n ń ta sílẹ̀ fún Ògún. Ṣùgbọ́n àwọn olùsìn Ọbàtálá kì í fẹnu kan ẹmu, nítorí ìtàn ìṣẹ̀dá sọ pé ẹmu ni ó pa Ọbàtálá tí oorun fi gbé e lọ, tí Odùduwà sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Láti ìpìlẹ̀ ni Yorùbá ti mọ̀ pé mímu ní ìdí, àìmu náà sì ní ìdí.

Ní ìdajì kejì sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, jíìnì àti àwọn ọtí líle mìíràn láti Hamburg àti Rotterdam ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́pọ̀ yanturu. Owó ibodè tí ìjọba amúnisìn ń gbà lórí wọn jẹ́ ìpín ńlá nínú owó tí wọ́n fi ń ṣe ìjọba. Àwọn aṣáájú ìjọ, tí Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson àti Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell wà lára wọn, gbógun ti òwò náà. Wọ́n ní yóò ba àwọn ènìyàn jẹ́. Àwọn oníṣòwò ní àsọdùn ni. Àdéhùn Brussels ti ọdún 1890 ti ṣe òfin ẹ̀kun lé ọtí líle ní apá kan ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn náà kò tán.

Ní ọdún 1909, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí òwò ọtí ní Gúúsù Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ náà gba ẹ̀rí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ni pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé ọtí ń sọ àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà di aláìlera bí àwọn aṣáájú ìjọ ti wí. Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni irú ẹ̀rí tí apá méjèèjì gbára lé: gálọ́ọ̀nù ọtí tí ó wọlé, owó ibodè tí ó jáde, ìwà ọ̀mùtí tí wọ́n rí tàbí tí wọn kò rí ní ìgboro. Kò sí òṣùwọ̀n kankan nígbà náà tí ó lè ya ẹni tí ó ń mu nítorí ayẹyẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ń mu nítorí ìbànújẹ́.

Nígbà tí àdéhùn Saint-Germain-en-Laye ti ọdún 1919 fòfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà, èbúté ni òfin náà tì. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń mutí ṣì wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, tí owó wọ́n tí ọtí ilẹ̀ òkèèrè sì gbówó lórí, ògógóró tí wọ́n ń fi ẹmu sè ní ìkọ̀kọ̀ gbòde kan. Ìjọba tí ó ti mọ iye ọtí tí ń wọlé gbà pé òun ti mọ ọ̀rọ̀ ọtí tán, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Láti Aró dé Ìbàdàn

Ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní kó ipa pàtàkì nínú ìtàn bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìbéèrè láti àṣà kan lọ sí òmíràn. Ní ọdún 1961, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ti ilé-ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà darí ìwádìí kan lórí ìlera ọpọlọ ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀. Wọ́n fi àbájáde rẹ̀ wé ti agbègbè kan ní Kánádà tí wọ́n pè ní Stirling County. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1963. Ìwádìí náà kò dá lé ọtí, ṣùgbọ́n ó gbé ìbéèrè tí kò tíì tán títí di òní kalẹ̀: bí a bá bi ará Kánádà àti ará abúlé Ẹ̀gbá ní ohun kan náà, ṣé ohun kan náà ni wọ́n gbọ́?

Lẹ́yìn èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwé ìbéèrè AUDIT, tí ó ní ìbéèrè 10, láti fi mọ ẹni tí ọtí ń ṣe ní jàǹbá. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí tí ó bí i, Kẹ́ńyà nìkan ni ó sì ti Áfíríkà wá. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá gba àmì 8 ni ó yẹ kí á fura sí. Nígbà tí Adewuya (2005) yẹ ìwé náà wò láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, ó rí i pé ó wúlò, ṣùgbọ́n àmì 5 ni ó dára jù láti fi ya àwọn tí ó wà nínú ewu sọ́tọ̀ níbẹ̀. Òṣùwọ̀n kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú ààlà rẹ̀ yí padà nígbà tí ó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é.

Ìwádìí mìíràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1996, tún ṣí ọ̀rọ̀ náà payá sí i. Ibùdó mẹ́sàn-án ni wọ́n lò: Ìbàdàn, Ankara, Áténì, Bangalore, Seoul, Santander, Ìlú Mẹ́síkò, Flagstaff ní Amẹ́ríkà àti Jebel ní Romania. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n kọ àbájáde rẹ̀. Dípò kí wọ́n kan mú ìwé ìbéèrè lọ bá àwọn ènìyàn, wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn ará ìlú bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ọtí, ohun tí wọ́n kà sí mímu níwọ̀n àti ohun tí wọ́n kà sí àṣejù. Wọ́n rí i pé ibi tí àwùjọ kan ti ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́ kọ́ ni òmíràn ti ń sọ bẹ́ẹ̀, àti pé àwọn èrò kan tí wọ́n dá yàtọ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú àwọn èdè mìíràn.

Òṣùwọ̀n èrèdí mẹ́rin

Gbogbo èyí dá lé ìwọ̀n ọtí àti ìpalára rẹ̀. Èrèdí gan-an ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ní ọdún 1988, Cox àti Klinger ṣàlàyé pé ìpinnu láti mutí dá lé àyípadà tí ènìyàn ń retí nínú ọkàn rẹ̀: yálà ó ń wá adùn, tàbí ó ń sá fún ìrora. Òwe àgbà tí ń sáré nínú ẹ̀gún ti sọ irú èyí tipẹ́. Àfikún wọn ni pé ohun tí ènìyàn ń wá tàbí tí ó ń sá fún lè wà nínú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè wà láàrin òun àti àwọn ẹlòmíràn.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni Cooper (1994) gbé ìwé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìwádìí láàrin àwọn ọ̀dọ́ ní ìlú Buffalo, ní Amẹ́ríkà. Gbólóhùn 20 ni ó ní, márùn-ún fún èrèdí kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni èrèdí àríyá, pé kí àpèjẹ lè dùn. Èkejì ni èrèdí adùn, nítorí ìmọ̀lára tí ọtí ń fún ni. Ẹ̀kẹta ni èrèdí ìtura, láti gbàgbé ìdààmú. Ẹ̀kẹrin ni èrèdí ìtẹ̀lé ẹgbẹ́, kí á má baà ta ẹni nù láàrin ọ̀rẹ́. Ẹni tí a ń bi yóò sọ bí ó ti ń mutí fún ìdí kọ̀ọ̀kan sí, láti orí "kò wọ́pọ̀ rárá" títí dé "nígbà gbogbo".

Òṣùwọ̀n yìí tàn kálẹ̀. Kuntsche àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2014) lò ó láàrin àwọn ọ̀dọ́ ní orílẹ̀-èdè 13 ní Yúróòpù. Èrèdí àríyá ni ó ṣáájú, adùn tẹ̀lé e, ìtura ṣe ìkẹta, ìtẹ̀lé ẹgbẹ́ sì kẹ́yìn. Ìwádìí mìíràn láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní orílẹ̀-èdè 10 tún rí irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìdọ́gba yìí wúni lórí, ó sì lè mú kí ènìyàn rò pé èrèdí ọtí jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ìdáhùn lè dọ́gba nítorí pé ìbéèrè kò fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn mìíràn. Ẹni tí wọ́n bá fún ní àpótí mẹ́rin, inú mẹ́rin náà ni yóò kó ẹrù rẹ̀ sí.

Ọ̀tà àti Sàngó Ọ̀tà

Ibi tí a ti lè rí ẹrù tí kò wọ inú àpótí mẹ́rin náà kò jìnnà. Ọ̀tà jẹ́ ìlú àwọn Àwórì, Ọlọ́tà ni ọba rẹ̀, òun sì ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Sàngó wà ní oríta tí ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ti pàdé ọ̀nà tí ó gba Ọ̀tà lọ sí Ìdìrókò. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1976, ìtòsí Èkó mú kí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí i ní agbègbè náà. Àwọn òṣìṣẹ́ wá láti ilẹ̀ Yorùbá gbogbo, láti ọ̀dọ̀ Ẹ̀gùn, Ìgbò àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn.

Wọ́n ń ṣe ọtí pàápàá ní Ọ̀tà. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Intercontinental Distillers, tí ń ṣe ọtí líle, fìdí kalẹ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ ìpọntí Sona wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí Nigerian Breweries tó gbà á ní ọdún 2011. Ní ìlú kan náà ni ìjọ Living Faith kọ́ ilé ìjọsìn ńlá rẹ̀ sí Canaanland ní ọdún 1999, tí Yunifásítì Covenant sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà wà. Ẹni tí ń pọntí, ẹni tí ń mutí àti ẹni tí ó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà lọ síbi iṣẹ́.

Ohun tí òṣùwọ̀n náà kò rí

Bí a bá gbé gbólóhùn 20 yẹn wá sí Sàngó Ọ̀tà, ọ̀rọ̀ "ọtí" fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Lẹ́nu Yorùbá, ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà ń jẹ́ ọtí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ohun tí ń pa ni. Ní ìdà kejì, ọ̀pọ̀ tí ń mu àgbo jẹ̀dí tàbí paraga tí wọ́n fi ògógóró rẹ nínú gáréèjì ni yóò sọ láìpurọ́ pé àwọn kì í mutí. Lójú tiwọn, oògùn ni. Ẹni àkọ́kọ́ yóò wọ inú ìwé aṣèwádìí bí amutí, ẹni kejì yóò bọ́ síta.

Ìṣòro kejì wà nínú gbólóhùn tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn. Ká ní aṣèwádìí túmọ̀ èrèdí adùn báyìí: "Mo ń mu ún kí ara mi lè yá." Gbólóhùn náà dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ mẹ́ta ni ó ní. Ará yíyá lè jẹ́ inú dídùn. Ó lè jẹ́ ìmúláradá lẹ́yìn àìsàn. Ó sì lè jẹ́ okun àti ìmúra iṣẹ́, bí ìgbà tí alágbàṣe tí ń gbẹ́rù bá ní ara òun kò tíì yá. Awakọ̀, aláàárẹ̀ ara àti ẹni tí ó wá ṣe fàájì lè fi àmì sí ibì kan náà. Kọ̀ǹpútà yóò kà wọ́n mọ́ àwọn tí ń wá adùn, nígbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ àti ìlera ni méjì nínú wọn ń lé. Kò sí àpótí fún oògùn tàbí okun nínú mẹ́rin tí Cooper là sílẹ̀.

Ìṣòro kẹta ni ìtẹ̀lé ẹgbẹ́. Nínú òṣùwọ̀n Cooper, àìlera ni èyí ń fi hàn: ẹni tí kò lè dá dúró ni ó ń mu nítorí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọtí wà nínú ẹrù ìdána, ó ń wà níbi ìsọmọlórúkọ níbi tí wọ́n ti ń fi í wúre pé ọmọ kò ní tí, ó sì ń wà níbi òkú àgbà. Ẹni tí ó tọ́ ọ wò níbẹ̀ nítorí pé àgbà gbé e lé e lọ́wọ́ lè máà bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó ń bọ̀wọ̀ fún ẹbí ni. Bí a bá ka ọ̀wọ̀ sí ìbẹ̀rù, a ó pe ọmọlúàbí ní aláìlágbára.

Ìṣòro kẹrin kan àwọn tí kì í mutí. Àwọn amutí nìkan ni gbólóhùn 20 náà ń bi léèrè. Ní ìlú tí Mùsùlùmí, ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì àti olùsìn Ọbàtálá ti ń kọ ọtí, ìdí tí ènìyàn fi kọ̀ ọ́ jẹ́ apá pàtàkì nínú ìtàn. Bákan náà ni ìtìjú: ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè lè mu, kí ó sì sẹ́, pàápàá bí ó bá rò pé ìdáhùn òun yóò dé etí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tàbí pásítọ̀.

Ìkarùn-ún ni owó. Ọtí inú ọ̀rá kéré, kò wọ́n, ó sì rọrùn láti fi pamọ́ sínú àpò. Ní oṣù December ọdún 2018, àjọ NAFDAC, ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ètò ìlera àti àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ ọtí fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti mú ọtí inú ọ̀rá àti ti inú ìgò kéékèèké kúrò ní ọjà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí mú òfin náà ṣẹ ní oṣù February ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀hónú hàn ní Èkó, wọ́n sì sún gbèdéke náà sí òpin ọdún 2025. Apá kan ń ka iye àwọn tí iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn, apá kejì ń sọ̀rọ̀ ewu tí ó wà fún ọmọdé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ní ìwúwo. Síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ọdún 1909, ohùn ẹni tí ó ra ọ̀rá náà ni ó kéré jù lọ nínú àríyànjiyàn náà. Bí ìdí rẹ̀ bá jẹ́ okun fún iṣẹ́ alẹ́, yóò wá okun níbòmíràn. Bí ó bá sì jẹ́ ìrònú, ìrònú náà kò ní bá ọ̀rá lọ.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Èyí kò túmọ̀ sí pé òṣùwọ̀n Cooper kò wúlò. Ó kọ́ gbogbo ayé láti béèrè ìdí kí wọ́n tó dá ẹjọ́. Ohun tí ó kù ni kí á kọ́ ọ ní èdè ibi tí ó wá. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n gbé ní Ìbàdàn: kí á jókòó ti awakọ̀, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, ìyá alágbo, àgbà àdúgbò àti ẹni tí kì í mutí, kí á gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò kí á tó kọ gbólóhùn kan. Ìkejì ni ìlànà tí Brislin (1970) là sílẹ̀: kí ẹnìkan túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì tú u padà, kí á sì fi méjèèjì wé ara wọn. Ìkẹta ni kí á bi àwọn ènìyàn díẹ̀ pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ohun tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń wí. Ibẹ̀ ni àṣírí "kí ara mi lè yá" yóò ti tú; atúmọ̀ lè tú u padà dáadáa kí ó má sì rí i.

Ìkẹrin ni kí á fi èrèdí oògùn, okun iṣẹ́ àti ọ̀wọ̀ kún un, kí á dárúkọ ohun mímu kọ̀ọ̀kan dípò "ọtí" lásán, kí á sì ní ìbéèrè fún àwọn tí kì í mutí. Ìkarùn-ún ni àṣírí: kò yẹ kí orúkọ ẹni tí ó dáhùn hàn, kò sì yẹ kí ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí wọ́n gbọ́ èdè náà dénú lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí ohun tí ó nílò jù lọ ni etí tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ara tí ó yá nítorí ayọ̀ àti ara tí ó yá nítorí iṣẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ní ọdún 1909, wọ́n ka gálọ́ọ̀nù, wọn kò sì mọ ìdí. Ìwádìí Aró àti ti Ìbàdàn kọ́ni pé ìbéèrè kì í ré odò kọjá láìyí padà. Òṣùwọ̀n ọdún 1994 béèrè ìdí, ṣùgbọ́n ìdí mẹ́rin tí wọ́n rí níbòmíràn ni ó gbé wá. Ní Ọ̀tà, níbi tí ilé ìpọntí àti ilé àdúrà ti jọ wà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí àgbà ń lé nínú ẹ̀gún, tàbí ohun tí ń lé e, ní láti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ tí àgbà náà fúnra rẹ̀ ń pe ejò náà.